Ìka Tó Ń Bẹ̀rù Omi Tútù

Nílé wa ní Ìlobù, omi la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà tán, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti máa da omi sínú agbada ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé, a ó sì mọ̀ pé oorun ti tán nìyẹn. Ògì ni iṣẹ́ ilé wa. Àgbàdo tí a ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a ti lọ̀ lẹ́rọ, la ó dà sórí asẹ́ aláṣọ, a ó máa bu omi lé e, a ó máa fi ọwọ́ pò ó yíká títí funfun rẹ̀ á fi ṣàn tán sísàlẹ̀, tí èèrí nìkan á kù fún ewúrẹ́. Bí ọyẹ́ bá mú, omi inú agbada a máa tutù débi pé ọwọ́ á kú tipiri, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ráhùn. "Ọwọ́ tí ò wọ omi tútù, ẹnu ẹ̀ ò gbọdọ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná," Ìyá Àgbà á wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé òfin ni. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ayé.

Ìfọ́n ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá. Ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n, gúgúrú náà lè má tán kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti pẹ́, ó sì mú kí ọ̀nà kékeré yẹn gùn lọ́kàn àwọn àgbà. Bàbá ìyá mi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ sì ni wọ́n; ìyá mi ní tiwọn di Mùsùlùmí nígbà tí wọ́n wọlé bàbá mi. Aya Ìfọ́n ni àwọn ará ilé ń pè wọ́n. Bí ògì bá funfun, orúkọ náà á dùn létí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀gún á yọ nínú ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, èmi Rọ̀fíà, èyí náà kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà fún ìyàwó lọ́fẹ̀ẹ́ nílé wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi ki ọwọ́ bọ agbada bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n sì fà á yọ lójijì. "Yéè!" Asẹ́ yí dànù, ògì ṣàn lọ bá ewúrẹ́. Ìka tí a fi ń tọ́ka, tọwọ́ ọ̀tún, ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní ó ta àwọn láti èékánná títí dé èjìká. Ìyá Àgbà wo ìka náà láti orí àpótí tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní, "Àkàndùn ni." Kò sí ọmọ ilé wa tí àkàndùn ò mú rí: ìka á wú, á máa lù kìkì, lọ́jọ́ kan á tú, ọyún á jáde, ó parí. Oògùn rẹ̀ nílé ológì ò ju ọ̀kan lọ, ká ki ìka náà bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá mi ki ìka bọ̀ ọ́. Mo ń wo ojú wọn, mo rò pé wọ́n á tún kígbe, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n mí kanlẹ̀ tí èjìká wọn wálẹ̀. "Ó ti lọ, Màmá. Ẹ ṣé o." Ìyá Àgbà wo gbogbo wa yíká, ojú wọn ń sọ pé ṣé ẹ rí nǹkan tí mo wí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé oògùn náà jẹ́. Ká ní kò jẹ́ ni, à bá wá òmíràn.

Ìka náà ò wú, kò sì tú. Oṣù ń gorí oṣù. Bí omi tútù bá ti kàn án, ìyá mi á ké. Bí nǹkan bá gbá èékánná yẹn fẹ́rẹ́, omijé á bọ́. Bí wọ́n bá ki í bọ ẹ̀kọ gbígbóná, ìrora á lọ. Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ, mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n fún wọn ní kápúsù, wọ́n ya fọ́tò egungun ìka náà, wọ́n ní egungun ò ṣe nǹkan kan. Fọ́tò yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àǹtí Síkírá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń bá wa gbélé, gbé e sókè sí oòrùn kí gbogbo ilé lè rí i. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kò síbi kan tó fọ́. Irú àìsàn wo ló mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìsinmi? Omi ògì, ó ń dùn ún. Omi àlùwàlá, ó ń dùn ún. Ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ni kì í dùn ún!" Ẹ̀rín sọ lẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà ni "ó ń díbọ́n" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ilé wa. Pé ìyá mi ń gbé omi kaná kí wọ́n tó ṣàlùwàlá àsùbáà, ìyẹn tún di ẹjọ́ mìíràn: wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìfọ́n ò tíì kúrò lára wọn, pé ìrun ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa wọlé, ìyá mi ti fi àkísà wé ìka náà, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè káàkiri ilé bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti di ìyàwó ilé, ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo èrò ilé yẹn, kò sẹ́ni tó tú àkísà náà wò. Wọ́n kúkú ti mọ ohun tó ń ṣe ìyá mi.

Èmi náà wà lára wọn, n ò ní parọ́. Èmi ni mò ń sẹ́ ìpín ìyá mi kí n tó lọ sílé ìwé, ọwọ́ mi ti bó, ìyá mi ni mo sì ń bínú sí, kì í ṣe àwọn tó ń bu iṣẹ́ fún mi. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá fẹ́ràn mi ni, wọn ò ní máa díbọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá wọn tí wọ́n sùn lọ fọnfọn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn nà sílẹ̀, àkísà ti tú kúrò lára ìka. Píọ́ wọ́tà kan wà lọ́wọ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú firísà jáde, yìnyín ṣì wà nínú ẹ̀. Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó ń sùn kì í díbọ́n. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi píọ́ wọ́tà náà lé èékánná wọn.

Kí n tó mí, ìyá mi ti fò dìde. Títí di òní n ò mọ bí ènìyàn ṣe ń ti orí ìdùbúlẹ̀ fò bẹ́ẹ̀ yẹn. Orí wọn gbá ògiri. Igbe tó jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀, ìtọ̀ sì ti ń ṣàn nínú ìró wọn wá sórí ẹní. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo dúró gbagidi, ẹnu mi ò padé, omi ń kán láti ara ọ̀rá sórí ẹsẹ̀ mi. Ìyá Àgbà àti Àǹtí Síkírá sáré dé, wọ́n ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá mi wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ní, "Àlá ni mo lá, Màmá. Ẹ má bínú." Àǹtí Síkírá pòṣé. Wọ́n ní eré náà ti wá wọ inú oorun. N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ òtítọ́ nínú gbogbo ilé, n ò sì lè sọ ọ́ láìsọ ìkà tí mo ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí àwọn àgbà ti mọ́sálásí dé, Ìyá Àgbà pe ìyá mi sí pálọ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀, Àǹtí Síkírá wà níbẹ̀, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń ṣa ẹ̀wà, etí mi nà bíi tehoro. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ìyàwó, a ò lé ẹ o," Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ wọn, "ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nilé yìí. Padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ ní Ìfọ́n, kí wọ́n bá wa tọ́jú ẹ. Bí ọwọ́ ẹ bá san, kó o máa bọ̀. Rọ̀fíà á dúró tì wá." Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ọwọ́ tí kò san láti ìgbà òjò títí dé ọyẹ́, ìgbà wo ló máa san? Àǹtí Síkírá sì ti ní ìyàwó mìíràn lọ́kàn fún bàbá mi, ọmọ oníṣòwò kan ní ìsàlẹ̀ ọjà, wọn ò tiẹ̀ fi bò. Mo wo bàbá mi, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ẹ̀wà dà lọ́wọ́ mi. N ò mọ bí mo ṣe dé àárín pálọ̀, mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ dákun, wọn ò díbọ́n. Èmi ni mo fi omi tútù kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń sùn. Wọ́n tiẹ̀ ń hanrun."

"Ta ló ń sùn?"

"Ìyá mi, mà. Kì í ṣe àlá. Èmi ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni. Wọ́n tọ̀ sára, mà."

Mo ń retí ìgbátí, kò dé. Tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n wo ìyá mi, ìyá mi sì gbé ojú sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀. "Sùbùhánálọ́ọ̀," Ìyá Àgbà wí, ohùn wọn fẹ́lẹ́. Àǹtí Síkírá ní, "Ẹ ń dá ọmọdé lóhùn..." "Dákẹ́, Síkírá." N ò gbọ́ ọ rí kí Ìyá Àgbà pa ọmọ wọn lẹ́nu mọ́ lójú ìyàwó. Wọ́n kọjú sí bàbá mi. "Lámídì, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọsibítù ńlá Òṣogbo. Èmi náà ń lọ. Ọmọ yìí á bá wa lọ, òun ló rí i, òun láá sọ ọ́."

Dókítà tó gbà wá ní Òṣogbo jẹ́ obìnrin, ó kéré, ó tín-ín-rín, Ìyá Àgbà sì sọ sí mi létí pé ìgbà wo ni bàbá ọmọ yìí tó jẹ́ dókítà máa dé. Dókítà náà ní kí ìyá mi sún mọ́ òun. Ó tú àkísà, ó gbé ìka náà sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ó wá pe gbogbo wa kí a wá wò. Lábẹ́ èékánná náà, àmì kan wà níbẹ̀ tó dú bí aró fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a ò rí i. Dókítà mú bírò, ó fi ìdí rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ìyá mi ò ṣe nǹkan kan. Ó tẹ apá kejì, kò sí nǹkan kan. Ó tẹ ibi tó dú yẹn, ìyá mi sì fò kúrò lórí àga. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ẹ má bínú," dókítà wí. Ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá di apá wọn, ó fún un le dáadáa, ó tún gbé bírò. Mo di etí mi. Ó tẹ ojú ibẹ̀ gan-an. Ìyá mi jókòó jẹ́ẹ́.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá." Ìyá mi ń wo ìka wọn bí ìka ẹlòmíràn.

Dókítà tú aṣọ náà, ó tún tẹ ẹ́ díẹ̀, igbe sì tún sọ. Ìyá Àgbà ti dìde. "Kí lẹ fi sínú aṣọ yẹn? Ṣé oògùn ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo dá dúró, mà. Kókó kan wà lábẹ́ èékánná yìí. Ní orí ìka gbogbo wa, àwọn iṣan tín-ín-tìn-ín wà tó ń mọ òtútù mọ ooru. Ti ìyá yìí ló gbára jọ tó di kókó. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ dókítà ò rí i rí. Bí òtútù bá kàn án, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré; àwọn mìíràn máa ń bẹ̀ wá pé ká kúkú gé ìka náà. Ooru ló máa ń tù ú lára. Fọ́tò egungun kì í sábà gbé e, nítorí pé kì í ṣe egungun." Ó yíjú sí ìyá mi. "Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta, mà," ìyá mi wí. "Ọdún yìí ló wá le."

Ọdún mẹ́ta! Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orí. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì lójú wa. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ tì mí síwájú, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ píọ́ wọ́tà fún dókítà, mò ń sunkún. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ohun tó o ṣe ò dáa. Àmọ́ òun náà ni èmi fi bírò ṣe yìí." Bàbá mi bèèrè bóyá jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní òun ò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò kó lè dájú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fún ìka ní abẹ́rẹ́ kó lè kú, wọ́n ṣí èékánná kúrò, ìyá mi ò sì sùn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn dókítà ń sọ. Nígbà tí dókítà jáde, ó gbé ìgò kékeré kan dání. Ìyá Àgbà gba ìgò náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọn ò rí nǹkan kan títí dókítà fi fi ìka tọ́ka sí i: nǹkan róbótó kan, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. "Èyí nìkan?" Ìyá Àgbà gbé ìgò náà lé bàbá mi lọ́wọ́. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ," wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ara mi ṣì ń sọ fún mi pé ohun tó tóbi ló yẹ kó wà nínú ìgò yẹn, bí ìrora yẹn ti tóbi tó.

A dúró de èsì àyẹ̀wò títí ojú ọgbẹ́ fi jiná. Ọjọ́ tó jáde, Ìyá Àgbà, ìyá mi àti èmi la jọ lọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ní kí wọ́n gbé omi tútù wá nínú abọ́, omi inú fìríìjì. Ìyá mi wo omi náà, wọ́n di ojú, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó mí nínú yàrá yẹn. Wọ́n la ojú. Wọ́n fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń yí i, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n gbé e jáde, pé àwọn fẹ́ fi abọ́ náà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹkún ayọ̀ ni mo fi gbogbo ojú sun.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà bọ̀, inú Ìyá Àgbà dùn débi pé wọ́n ń bá àwọn èrò ọkọ̀ tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi fóònù sọ fún Àǹtí Síkírá pé kí wọ́n pa adìyẹ. "Láti ọ̀la, ìyàwó mi á padà sídìí agbada ẹ̀," wọ́n wí. Ìyá mi ń wo ìta. A dé Ìlobù, ọkọ̀ dúró, Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi ò mira lórí ìjókòó. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ máa wà á lọ. Ìfọ́n ni mò ń lọ."

"Ìyàwó, a ti délé," Ìyá Àgbà wí.

"Màmá, ẹ ní kí n lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, pé bí ọwọ́ mi bá san, kí n máa bọ̀. Ọwọ́ mi ti san, ṣùgbọ́n n ò tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ná." Wọ́n wò mí. "Rọ̀fíà, máa bá ìyá àgbà ẹ lọ. Mi ò sá fún ẹ."

Ọkọ̀ gbéra. Mo rò pé Ìyá Àgbà á bú wọn, tàbí kí wọ́n pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n dúró létí títì, ìborùn wọn ti bọ́ sí èjìká, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ píọ́ wọ́tà lọ. Nílé, adìyẹ jinná, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá mi dé láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti sọ tipẹ́: "Ìyá mi, bí kò bá padà, èmi náà á bá a lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Àgbà dì mí lọ́wọ́ mú, ọ̀kadà gbé wa lọ sí Ìfọ́n. Bàbá Tíṣà, bàbá ìyá mi, wà níwájú ilé, ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ bí àna ti ń kí àna. Ìyá mi jáde láti inú ilé, wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ wọn. Ìyá Àgbà ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan tilẹ̀, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú ìyá mi. Bàbá Tíṣà fò dìde, ìwé wọn bọ́ sílẹ̀. "Háà! Àláájà! Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa!" Wọn ò dìde. "Ìyá Rọ̀fíà, mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́. N ò mọ̀ ni."

Ìyá mi ti ń sunkún, wọ́n ń fa Ìyá Àgbà lápá kí wọ́n lè dìde, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò gbọ̀n. "Màmá, mi ò bínú pé ẹ ò mọ̀. Ta ló mọ̀? Ṣebí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ náà ò mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo yín ń sọ ohun tó ń ṣe mí, ẹyọ ẹnì kan ò bi mí. Ìyàwó ò lè máa to ìrora sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó bèèrè."

Ìyá Àgbà nawọ́, wọ́n mú ìka náà, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ wọn bí dókítà ti ṣe é.

"Báwo ló ṣe máa ń dùn ẹ́?"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní iwájú Ìyá Àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Oòrùn ti dé àtàrí kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, Ìyá Àgbà ò sì já lu ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.